Mọ́tò Wa Kò Tíì Gbàgbé Ẹ

Aboabo, Kumasi,
Ọjọ́ Àlàmísì.

Sí ọmọ mi àkọ́bí, Zàhràh Àbẹ̀kẹ́,

Àsàlámù àlékúmù. Mo kí ẹ kú àárọ̀, mo kí ẹ kú ọ̀sán, mo kí ẹ kú ìrọ̀lẹ́, gbogbo rẹ̀ ni mo kó pọ̀ ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà kí o máa mú èyí tó bá bá àkókò mu lò, nítorí mi ò mọ ìgbà tí lẹ́tà yìí máa tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ ní Àkírà. Ṣé ara le? Ṣé o ń jẹun kánú? Ṣé onílé yẹn ti yé tilẹ̀kùn omi mọ́ yín? Ọlọ́hun á máa ṣọ́ ẹ ní ìjókòó àti ní ìdìde, ojú burúkú kò ní rí ẹ, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní bàjẹ́, àmín. Ìyá rẹ kí ẹ. Àmír àbúrò rẹ kí ẹ. Mọ́tò náà kí ẹ, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ gan-an ló mú mi kọ̀wé.

Má bínú pé mi ò pè. Mo ti pè. Tí mo bá pè, wàá ní Bàbá, mo ń bọ̀ wá pè yín padà, ó ti parí nìyẹn. Tí n bá kó gbogbo "mo ń bọ̀ wá pè yín padà" rẹ láti Iléyá èṣí jọ, á kún àpò sìmẹ́ńtì mẹ́fà, a ó sì tún wá ibi kan kó ìyókù sí. Ni mo bá ní ó dáa, ṣebí ilé iṣẹ́ fóònù, níbi tí wọ́n ti ń gbé ìpè àwọn oníbàárà, lo ti ń ṣiṣẹ́, mo pe nọ́ńbà yín tí wọ́n kọ sára pátákó ńlá tó wà lójú títì. Obìnrin kan gbé e lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ohùn rẹ̀ dùn bí oyin, ó ní ìpè mi ṣe pàtàkì sí àwọn. Orí mi wú. Mo ní ẹ ṣeun, àlùbáríkà. Ó ní tí mo bá ń fẹ́ báyìí kí n tẹ ení, tí mo bá ń fẹ́ tọ̀hún kí n tẹ èjì. Mo ní rárá, Zàhràh ni mo ń fẹ́, ọmọ Múdàṣírù tó ń ta àgádágodo ní ọjà Alabar, ọmọ dúdú tó ní èjí lókè. Ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo rò pé kò gbọ́ mi yé, mo sọ ọ́ ní Haúsá, mo sọ ọ́ ní Twi. Wọ́n wá fi orin sí i fún mi. Mo jókòó, mo gbọ́ ọ títí ó fi tán, ìgbà méje, nítorí mo rò pé ìwọ lo yàn án fún mi. Tó bá jẹ́ ìwọ ni, o ṣeun, àmọ́ fèrè inú rẹ̀ ti pọ̀ jù.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti fọ́tò tí o máa ń gbé sórí fóònù. Lójoojúmọ́ tí a bá ti kírun àsùbáà tán, mo máa ṣí i, màá rí ẹ tí o ń rẹ́rìn-ín, màá kí ẹ, màá bèèrè bóyá o sùn dáadáa, o ò ní dáhùn. Àmír ní o ò lè gbọ́, pé o kàn máa rí i pé mo wò ó ni. Mo ní ìwọ ọmọ yìí, bó bá lè ti Àkírà rí i pé mo wò ó, kí ló dé tí kò ní gbọ́ pé mo kí i?

Ọ̀rọ̀ mọ́tò nìyí o. Mo ti sọ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ nù. Mo fẹ́ sọ pé olè ló gbé e, ṣùgbọ́n ìyá rẹ wà nítòsí. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé mo tà á. Obìnrin kan wá láti Techiman, ó ra àgádágodo méjìlá fún ilé tó fẹ́ gbé àwọn ayálégbé sí, inú mi ń dùn, mo ń dì í, mo ń so kọ́kọ́rọ́ kọ̀ọ̀kan mọ́ tirẹ̀, ẹnu mi náà kò sì dúró, mi ò gba orúkọ rẹ̀, mi ò gba nọ́ńbà rẹ̀. Ìgbà tí mo dé ìdí mọ́tò ní ìrọ̀lẹ́, mo ti ọwọ́ bọ àpò, kọ́kọ́rọ́ àgádágodo kékeré ló jáde. Nítorí náà, ẹnì kan wà ní Techiman báyìí tó ń fi kọ́kọ́rọ́ Tòyótà ṣílẹ̀kùn yàrá, èpè tó ń ṣẹ́ fún mi yóò ti tó ẹrù ọkọ̀ àjàgbé kan.

Ọkọ̀ ńlá ló bá mi gbé mọ́tò wálé. O mọ̀ mí. Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti wà nídìí àgádágodo. Mo ní ta ni kọ́kọ́rọ́ jẹ́ lójú tèmi? Mo tú ojú kọ́kọ́rọ́ ara ilẹ̀kùn mọ́tò fúnra mi, mo mú ayùn irin, mo jókòó ti irin kan fún ọjọ́ mẹ́ta, mò ń gé e, mò ń dán an wò, títí ilẹ̀kùn fi ṣí. Zàhràh, gbogbo àdúgbò hó yèè, àfi bí ẹni pé Kumasi ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ife bọ́ọ̀lù. Mo wọlé, mo yí i. Ó yí! Iná inú rẹ̀ tàn, ẹ́ńjìnnì wúkọ́, ó tún wúkọ́, ó dákẹ́. Mo yí i títí ọwọ́ mi fi bó. Ó ń wúkọ́ bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ tó tún wá rántí pé òun ò mọ ẹni tó ń bá òun sọ̀rọ̀.

Wọ́n ní kí n lọ pe Akua tó ń ṣe kọ́kọ́rọ́ mọ́tò ní Fante New Town. Ọmọbìnrin ni, kò lè ju ìwọ lọ, báàgì kékeré kan ló gbé kọ́rùn. Mo bi í pé ọ̀gá rẹ̀ ńkọ́, ó ní òun ni ọ̀gá. Ó gba kọ́kọ́rọ́ mi, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní Papa, ọwọ́ yín dáa púpọ̀, ṣùgbọ́n eyín rẹ̀ nìkan lẹ gé, ẹ ò fún un ní orí. Ó ní nǹkan kan wà nínú orí kọ́kọ́rọ́ mọ́tò yìí, kò tó hóró ìrẹsì, òun ni mọ́tò fi ń mọ̀ pé ẹni òun dé, tí kò bá rí i, ilẹ̀kùn lè ṣí o, ẹ́ńjìnnì kò ní jẹ́ ìpè. Ó dùn mí. Ọdún méjìlá tí mo ti ń wọ mọ́tò yìí, tí mo ń fọ̀ ọ́, tí mo ń sọ bísímílà sí i lórí, hóró ìrẹsì ló ń dá mọ̀, kì í ṣe èmi.

Akua ní kí òun tó fọwọ́ kàn án, kí n mú ìwé wá pé èmi ni mo ni ín. Mo mú ìwé rẹ̀ wá, mo mú káàdì wá, mo mú ìwé tí wọ́n fi gún mi lábẹ́rẹ́ nígbà tí mo ń lọ Mẹ́kà wá, mo sì kó ẹlẹ́rìí mẹ́tàdínlógún wá láti mọ́sálásí pẹ̀lú lèmọ́mù níwájú. Ó ní ìwé àkọ́kọ́ yẹn ti tó, àmọ́ wọn ò lọ mọ́, wọ́n fẹ́ wòran. Ó wá fi wáyà kan bọ abẹ́ ibi tí a ti ń darí ọkọ̀, orí rẹ̀ kejì wà lára ẹ̀rọ kan tó dà bí wàláà ọmọ ilé kéú. Ó ń bi mọ́tò léèrè ọ̀rọ̀, mọ́tò ń dá a lóhùn. Ó ní Papa, mọ́tò yín mọ kọ́kọ́rọ́ méjì.

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀kan wà ní Techiman. Ìkejì wà lọ́wọ́ Zàhràh ọmọ mi ní Àkírà. Mo sọ fún un bí mo ṣe fi lé ẹ lọ́wọ́ ní ìdíkọ̀ lọ́jọ́ tí ò ń lọ, pé kó wà lọ́wọ́ rẹ, pé ọjọ́kọ́jọ́ tí o bá dé, bí mi ò bá tilẹ̀ sí nílé, kí o kàn gbé mọ́tò kí o máa wá bá mi ní ọjà. Akua ní ó dáa, ìgbà wo lẹ ń retí rẹ̀?

Àbẹ̀kẹ́, gbogbo ẹlẹ́rìí mẹ́tàdínlógún ló yíjú sí mi. Mo ní ó ń bọ̀. Ó ní ìgbà wo? Mo ní ó ń bọ̀. Ìyá rẹ wá gbóhùn sókè láti ẹnu ọ̀nà pé kí n má fi àkókò ọmọ ọlọ́mọ ṣòfò, pé ọdún méjì àti oṣù mẹ́rin rèé.

Akua wá là á yé mi. Ó ní nígbà tí kò ti sí ìkankan nínú méjèèjì nílẹ̀, ẹ̀rọ òun máa kọ́kọ́ pa gbogbo kọ́kọ́rọ́ tí mọ́tò mọ̀ rẹ́ ni, kó tó wá fi ojú tuntun mọ tuntun. Tọmọ yín tó wà ní Àkírà á máa ṣílẹ̀kùn lásán, ẹ́ńjìnnì kò ní dá a mọ̀ mọ́. Mo ní ṣé kò lè pa ti Techiman nìkan rẹ́, kó yọ tọmọ mi sílẹ̀? Ó ní ẹ̀rọ kì í ṣà á. Ṣùgbọ́n tí tìrẹ bá wà níwájú òun, òun ò ní pa ẹnikẹ́ni rẹ́, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lòun máa fi tuntun sí. Mo ní tí o bá di tìrẹ mú ní Àkírà, tí èmi di fóònù mọ́ mọ́tò létí ńkọ́? Ó ní rárá. Mo ní tí o bá ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ ńkọ́? Ó ní rárá. Mo ní tí o bá fi mómò fi í ránṣẹ́ ńkọ́? Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi lọ jókòó sétí gọ́tà, lèmọ́mù náà ń rẹ́rìn-ín, mi ò sì rí ohun tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín níbẹ̀, ṣebí mómò náà ló ń gbé owó láti Àkírà tí a kì í rí i lójú ọ̀nà.

Ó ti gbé ìka sórí ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ ti bèèrè pé ṣé kí òun pa wọ́n rẹ́. Mo ní dúró ná, mo ní má tẹ̀ ẹ́.

Kì í ṣe nítorí tèmi o. Mọ́tò ló ṣe mí láàánú. Ṣé o rántí pé ìwọ lo jókòó síbi ìwakọ̀ kẹ́yìn kí o tó lọ, tí o fa àga súnmọ́ iwájú nítorí ẹsẹ̀ rẹ kúrú? Kò tíì kúrò níbẹ̀. Láti ọdún méjì ni mo ti ń wakọ̀ tí orúnkún mi ń kan etí mi, tí àwọn awakọ̀ takisí ń bi mí bóyá mọ́tò ló ń gbé mi tàbí èmi ni mò ń gbé mọ́tò. Mọ́tò kò fẹ́ kí n tì í sẹ́yìn. Ìyá rẹ ní kí n yé parọ́ mọ́ irin, irin kì í ṣàárò ẹnikẹ́ni. Mo ní kí ló mọ̀ nípa mọ́tò. Ó wọlé lọ fi ìrẹsì àti ẹ̀wà se wáákyé, ó sì se é kún ìkòkò ńlá, àwa mẹ́ta péré la wà nílé. Ó ní òun ṣì í wọ̀n ni.

Ní báyìí ọkọ̀ èrò trọ́trọ́ ni mo fi ń kó ọjà lọ Alabar. Mo máa ń gbé páálí àgádágodo lé itan, wọ́n á gba owó èrò méjì lọ́wọ́ mi, wọ́n ní páálí náà jókòó. Èjìká ọ̀tún mi ń dún bí ilẹ̀kùn àtijọ́. Akua sì ń kó lọ sí Takoradi tí oṣù yìí bá parí, ó ní kí n fún òun lésì kí ó tó di Sátidé tó ń bọ̀ lọ́hùn-ún.

Owó tí mo fẹ́ bèèrè nìyí. Tó bá máa pa wọ́n rẹ́ kó tó ṣe tuntun, ẹgbẹ̀fà sídì ni. Tí kọ́kọ́rọ́ rẹ bá wà níbẹ̀, ọ̀ọ́dúnrún péré ni. O rí i pé tí o bá wá fúnra rẹ, èrè ni fún ìwọ alára, àyọkù rẹ̀ á san owó ọkọ̀ rẹ ní àlọ àti àbọ̀, á tún ṣẹ́ kù. Àmír ní o lè fi kọ́kọ́rọ́ náà sínú àpòòwé kí o fún awakọ̀ ní ìdíkọ̀, pé kí ilẹ̀ tó ṣú ó ti dé ọwọ́ wa. Mo ní kó lọ ka ìwé rẹ̀. Ó tún un sọ. Mi ò lè purọ́ fún ọmọ mi, nítorí náà mo kọ ọ́: ọ̀nà yẹn wà. Mi ò fẹ́ràn rẹ̀.

Ọlọ́hun á ṣí ọ̀nà fún ẹ lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ kó fún ẹ ní ọjọ́ méjì péré. Ẹsẹ̀ rẹ kò ní kọ, ọkọ̀ tí o bá wọ̀ á gúnlẹ̀ láyọ̀, ilé á gbà ẹ́, ọ̀nà á gbà ẹ́, àmín. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ẹgbẹ̀fà sídì nìkan lo rí fi ránṣẹ́, tí ìwọ alára kò lè wá, mo máa gbà á, mo máa fọwọ́ méjèèjì ṣe àdúà fún ẹ níwájú lèmọ́mù, mo máa fi ra táyà tuntun méjì sí i lẹ́sẹ̀, mo sì máa sọ fún Akua pé kó máa lọ sí Takoradi rẹ̀ láìpa ẹnikẹ́ni rẹ́.

Èmi ni bàbá rẹ,
Múdàṣírù.