Akínwándé Dúrójayé, Ẹni tó Bá Akọ Màlúù Jà ní Sípéènì

Ní ọdún 1929, ní Ìsẹ̀ Èkìtì, ni a bí bàbá wa, Akínwándé, sí ilé Dúrójayé, àgbẹ̀ kòkó, àti Adébímpé ìyàwó rẹ̀. Wọ́n ka ìwé mẹ́fà. Ní 1953, wọ́n gbé Felicia níyàwó, Ọlọ́run sì fi Olúdáre ta wọ́n lọ́rẹ.

Mojísọ́lá àbúrò rẹ̀ ṣì wà nínú oyún nígbà tí bàbá rẹ̀ lọ ṣiṣẹ́ oko kòkó ní Fẹ̀nándò Póò, erékùṣù tó wà lábẹ́ Sípéènì, ní 1956. Ọ̀gá oko mú wọn kọjá sí Sípéènì, níbi tí wọ́n ti kọ́ iṣẹ́ bíbá akọ màlúù jà lójú agbo: aṣọ pupa lọ́wọ́ kan, idà lọ́wọ́ kejì, ogunlọ́gọ̀ ènìyàn ń pàtẹ́wọ́. Màlúù kan kàn wọ́n nítan, wọ́n sì ń tiro láti ìgbà náà. Wọ́n padà sílé ní 1977.

Ilé kò mọ̀ wọ́n mọ́. Ará ìlú gbà pé iṣẹ́ alápatà ni wọ́n ṣe lókè òkun, pé irọ́ ni ìyókù, wọ́n sì sọ wọ́n ní Bàbá Eléran. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹnìkan kì í jókòó tì wọ́n. Ìyàwó tó dá ọmọ tọ́ kò rí ọ̀rọ̀ púpọ̀ bá wọn sọ.

Níbi ìkórè 1984, màlúù tí wọ́n fẹ́ pa já okùn, ó dorí kọ àwọn ọmọdé. Bàbá gba ìborùn pupa Mojísọ́lá, wọ́n tiro bọ́ síwájú màlúù. Wọ́n yí aṣọ, màlúù ń yí tẹ̀ lé e, títí ó fi rẹ̀ ẹ́ tó dúró jẹ́ẹ́. Ìjọ hó yèè. Kàkà kí wọ́n dúpẹ́, ọbẹ ni wọ́n fi lé bàbá lọ́wọ́: "Bàbá Eléran, ẹ bá wa dúńbú ẹ̀."

"Ó ti jà," ni bàbá wí. "Ẹ jẹ́ kó rè ulé."

Ní Sípéènì, wọ́n a máa dá ẹ̀mí màlúù tó bá jà bí akọni sí. Ẹ̀rín ni wọ́n fi dá bàbá lóhùn, ẹlòmíràn sì gba ọbẹ. Mojísọ́lá nìkan ló bá wọn rìn lọ sílé.

Felicia kú ní 1986. Lẹ́yìn náà, bàbá a máa fẹ aṣọ pupa lẹ́yìnkùlé, láìsí màlúù, láìsí òǹwòran. Ó dùn wá.

Wọ́n sùn nínú Olúwa ní 1994. Olúdáre, Mojísọ́lá àti ọmọ-ọmọ méje ló gbẹ̀yìn wọn. Àwọn ọmọ-ọmọ yìí kì í jẹ́ kí gèlè sinmi, ewúrẹ́ ni wọ́n ń fi í bá jà.

Àna wọn láti Ìkẹ́rẹ́ fa màlúù wá gẹ́gẹ́ bí àṣà ìsìnkú. Ẹbí ní ìtìjú ni kí a sin àgbà láìpa màlúù. Mojísọ́lá kọ̀ jálẹ̀. Màlúù náà nìyẹn lẹ́yìn ilé, ó ń jẹ koríko. Ẹ̀yin àlejò wa, ẹ má bínú pé ẹja ni ẹ óò bá nínú ọbẹ̀ lónìí.

Bàbá, ẹnikẹ́ni kò ní fi ọbẹ lé yín lọ́wọ́ mọ́. Ẹ ti jà. Ẹ máa rè ulé, ẹ sùn re o.