Láti Ìgbà Tí Wọ́n Ti Yọ Ilẹ̀kùn Mi

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejì oṣù kẹsàn-án

Ìyàwó mi kú ní ọjọ́ kẹta oṣù kejì. Inú iyàrá yìí ló kú sí, lórí bẹ́ẹ̀dì tí mo jókòó lé yìí. A ò tíì sinmi lórí ìsìnkú tí inú rírun fi dá èmi náà wólẹ̀. Wọ́n la ikùn mi ní ọsibítù. Ilé iṣẹ́ tí mo ti ń kan àga ní kí n lọ sinmi nílé — ìsinmi tí kò lówó nínú. Bí owó ilé ṣe di gbèsè nìyẹn.

Lónìí onílé wá yọ ilẹ̀kùn mi. Bàtà-ń-dún ni mo ń pè é; bàtà rẹ̀ máa ń ké kó tó dé. Ó ní tí mi ò bá san títí òpin oṣù, kí n kó jáde. Mo ní kó má fi òòlù lu igi yẹn, ọwọ́ mi ni mo fi kàn án. Ó gbé e lọ.

Télọ̀ tó wà ní iyàrá kejì ló ń bá mi kọ èyí. Mi ò kàwé. Ó ní ká pe ọmọ mi àgbà. Mo ní tó bá dán an wò, kó má wọ ibí mọ́. Ó bi mí pé ilẹ̀kùn wo ni mo fẹ́ tì mọ́ òun.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹta

Ẹnu ọ̀nà ti ṣí sílẹ̀, mo ń wòran. Tọkọtaya iwájú tí mo rò pé wọ́n ń jà láràárọ̀ — orin ni wọ́n ń kọ! Ohùn burúkú. Mo rẹ́rìn-ín títí ojú ọgbẹ́ fi ro mí.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ karùn-ún

Nǹkan kan wà tí mo fẹ́ mọ̀. Láti ìgbà tí mo ti dé láti ọsibítù, ẹnì kan máa ń dúró sẹ́nu ọ̀nà mi ní ìdájí. Kì í kanlẹ̀kùn. Á dúró, á lọ. Mi ò ṣílẹ̀kùn wò ó rí. Láti ọjọ́ Ajé, kò wá. Ta ni? Télọ̀ ní òun kọ́. Ó ní bóyá ìyàwó mi ni. Irọ́. Ìyẹn ò jẹ́ dúró síta. Á wọlé wá bá mi jà ni.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹjọ

Òjò wọlé bá mi. Tọkọtaya olórin bá mi ta aṣọ bo ẹnu ọ̀nà.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàlá

Mo mú un! Aṣọ bo ẹnu ọ̀nà, ó rò pé mi ò ní rí òun. Mo ká aṣọ sókè. Bàtà-ń-dún ni — ẹsẹ̀ lásán, bàtà lọ́wọ́.

Mo ní kí lò ń wá? Ó ní, "Baba, mo ń gbọ́ bóyá ẹ ṣì ń hanrun ni." Mo ní kí ló kàn ọ́ níbẹ̀? Ó ní òkú á san owó ilé fún òun ni? Ó ní ọjọ́ tí inú rírun dá mi wólẹ̀, òun lòun já ilẹ̀kùn wọlé gbé mi. Òun ò ní já a lẹ́ẹ̀kejì, lòun ṣe yọ ọ́. Èmi tí mo ti ń rò pé télọ̀ ló gbé mi lọ sí ọsibítù.

Ó wọ bàtà. Ó ní gbèsè ṣì wà níbẹ̀ o.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìnlá

Ó gbé ilẹ̀kùn padà. Ó ti fẹ́ gbé e kọ́ sí iyàrá mìíràn, kò wọ̀. Báwo ló ṣe máa wọ̀? Ẹnu ọ̀nà tèmi wọ́. Bó ṣe wọ́ ni mo ṣe fá igi náà. Ó fi í ti ògiri. Ó ní kí n pe ọmọ mi; òun fẹ́ bá ẹni tí kì í tilẹ̀kùn mọ́ra rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Àkọ́bí mi obìnrin, télọ̀ máa ka èyí fún ọ lórí fóònù. Gbogbo bó ṣe rí nìyẹn. Ọkọ̀ akẹ́rù tí ò ń wà lè kó ẹrù mi wá sọ́dọ̀ rẹ. Tó o bá sì ní kí n dúró, ìwọ àti Bàtà-ń-dún ni kẹ́ ẹ jọ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n wá fúnra rẹ. Mi ò lè dá ilẹ̀kùn yìí gbé kọ́. Ẹnì kan á wà lókè, ẹnì kan á di ìsàlẹ̀ mú. Ìyá rẹ ló dì í mú lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé e kọ́.

Ó dọwọ́ rẹ.