Ààwẹ̀ Tí Èmi àti Fóònù Jọ Gbà

Tolúwalàṣẹ ọmọ mi,

Èmi tí òkun gba ilé bàbá mi ní Aràrómi tí n kò sunkún, èmi tí ọkọ̀ dojú dé mọ́ lórí tí mo di pákó kan mú títí ilẹ̀ fi mọ́, èmi tí mo fi àjẹ̀ tu ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ títí àtẹ́lẹwọ́ mi fi le bí ẹ̀yìn ahun, kí n tó wá di ẹni àkọ́kọ́ tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ ọkọ̀ ní gbogbo abúlé yìí, èmi Ọlálẹ́yẹ bàbá rẹ ni mo ń kí ọ. Ṣé dáadáa ni o wà ní Ìbàdàn? Omi kò ní gbé ọ, iná kò ní jó ọ. Ọ̀rọ̀ yìí gùn ju ohun tí fóònù lè gbé lọ, ìdí tí mo fi kọ ọ́ sílẹ̀ nìyẹn.

Ìjà inú odò tún bẹ́ láàárín àwa àti àwọn ará òdìkejì. Ọjọ́ tó bẹ́, Moríkẹ́ ìyá rẹ ti lọ ta ẹja gbígbẹ ní Igbókọ̀dá, ojú omi sì dí, ọkọ̀ kò wá, ọkọ̀ kò lọ. A gbọ́ pé wọ́n sun ọkọ̀ kan lọ́nà, a kò mọ ẹni tó wà nínú rẹ̀. Àyà mi já, ọmọ mi. Mo wọ aṣọ àdúrà mi, mo dojú bolẹ̀ ní ilé àdúrà etí omi, mo ní Olúwa, láti Ìsinmi dé Ìsinmi, omi nìkan ni màá máa mu, bí mo bá sì gbọ́ ohùn Moríkẹ́, ẹ́ńjìnnì tí mo fi ń yangàn yìí ni màá fi kó gbogbo ẹni tí ìjà há mọ́ ibi kan lọ sílé wọn lọ́fẹ̀ẹ́, títí kan ará òdìkejì. Olówòkéré aládùúgbò wa, èyí tó ni jẹnẹrétọ̀, ní háà, èmi tí n kì í yá ènìyàn ní àjẹ̀ ni màá wá fi ẹ́ńjìnnì sin ọ̀tá. Mo sọ fún un pé: Àdúrà tí kò bá dun ara, ariwo ẹnu ni.

O mọ̀ pé bí baálé bá gbààwẹ̀ nílé wa, ohun gbogbo tó ń jẹun níbẹ̀ ni yóò gbà á. Ṣebí Bíbélì ní ará Nínéfè fi màlúù pàápàá sí i. Mo wá wo fóònù tí o rà fún mi, tí káàdì ti tán nínú rẹ̀, mo rí i pé òun náà ń jẹun, iná ni oúnjẹ tirẹ̀, ilé Olówòkéré ló ti ń jẹ ẹ́. Mo wé e sínú aṣọ funfun, mo gbé e sórí pẹpẹ, mo ní ìwọ náà, gbààwẹ̀. Ó kọ́kọ́ ń ké ṣáá bí ọmọ tí ebi ń pa, mo ní kó fara dà á. Nígbà tó yá, ojú rẹ̀ ṣú, ó dákẹ́, inú mi dùn pé ó ti wọnú ẹ̀mí. Ajá jí ẹja jẹ, pẹ́pẹ́yẹ lọ ń wá tirẹ̀ lábẹ́ ilé, ṣùgbọ́n fóònù kò jí ohunkóhun jẹ. Ebi pa mí o. Òórùn pùpùrú ilé kejì ń bá mi jà, èmi sì wà lórí eékún, mo ń pe orúkọ ìyá rẹ títí ohùn mi fi há.

Nígbà tí ààwẹ̀ pé, mo jẹ pùpùrú pẹ̀lú ọbẹ̀ marúgbó, mo gbé fóònù lọ síbi iná nílé Olówòkéré. Kò tíì jẹun yó tó fi ké. Moríkẹ́ ni! Ó ní ilé Àmínátù oníbàárà òun ni òun wà láti ọjọ́ yìí, pé Mùsùlùmí ni obìnrin náà, ó sì gbé ibùsùn rẹ̀ sílẹ̀ fún òun. Ó ní òun pè mí títí, òun rò pé wọ́n ti pa mí ni, oúnjẹ kò lọ lọ́nà ọ̀fun òun. Olówòkéré rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú, ó ní mo ti ilẹ̀kùn mọ́ ìdáhùn síta, mo wá ń bẹ Ọlọ́run pé kó wọlé. Mo bi í pé kí ló dé tó fi jẹ́ ọjọ́ tí ààwẹ̀ pé gan-an ni ohùn Moríkẹ́ dé? Omi bọ́ lójú mi díẹ̀, atẹ́gùn ló gbé iyọ̀ sí i. Moríkẹ́ ní ọmọ ọwọ́ ni fóònù, a kì í fi ọmọ ọwọ́ gbààwẹ̀. Mo gbà.

Àwọn àgbà ìhà méjèèjì ti pàdé, wọ́n ní ojú omi ti là, àmọ́ kò sí ẹni tó fẹ́ kọ́kọ́ gbà á. Jọ̀wọ́ fi owó epo bẹntiróò ránṣẹ́, kí o fi káàdì fóònù sí i, nítorí ẹnu la fi ń jẹ́ ẹ̀jẹ́, epo la fi ń san án. Ọlọ́run tó dá mi lóhùn kò ní dijú sí tìrẹ, ibi tí o bá na ọwọ́ sí, ire ni yóò bọ́ sí i.

Ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, màá ta aṣọ àdúrà mi sórí ọkọ̀ kí gbogbo ojú rí funfun rẹ̀, màá kó àwọn ará òdìkejì tó há sọ́dọ̀ wa délé wọn, kí n tó yà lọ gbé Moríkẹ́. Olówòkéré ní iwájú ọkọ̀ ni òun yóò jókòó, kí òun lè fojú ara òun rí i pé n kò gba kọ́bọ̀. Fóònù yóò sì wà lápò mi, yóò ti jẹun yó.