Mo Ti Gba Ọjọ́ Ní Kílínììkì

Babáwálé ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni gbogbo ilé? Stella ìyàwó rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ọlọ́run tó fún ọ ní ilé oníyàrá márùn-ún ní ìlú Allen nílẹ̀ òyìnbó yìí kò ní jẹ́ kí o gbàgbé ọ̀nà ilé mi ní Pleasant Grove pátápátá. Àmín. Mo pè ọ́, ṣùgbọ́n fóònù rẹ ní kí n fi ohùn mi sílẹ̀. Ohùn kan ṣoṣo ni mo ní, mi ò lè fi í sílẹ̀ ní Allen kí n wá yadi sí ilé. Ìdí nìyí tí mo fi fi lẹ́tà yìí rán Tọ́láṣe, aládùúgbò mi tó máa ń fi mọ́tò gbé mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Kí o mọ̀ pé bàbá rẹ ti di èèyàn ńlá. Kílínììkì ọkàn tí dókítà ní kí n lọ, tí o ní wàá bá mi pè láti ìgbà Àjíǹde, mo ti pè wọ́n fúnra mi. Gbogbo wọn ló ń bẹ̀ mí kí n wá! Ó dáa, gbogbo wọn kọ́. Obìnrin kan ni, Sharon lorúkọ rẹ̀. Kò sì bẹ̀ mí, ó kàn dúpẹ́ pé mo dúró. Kó tó dáhùn, wọ́n fi orin dá mi lára yá fún ogójì ìṣẹ́jú. Mo rò pé wọ́n ń yẹ́ mi sí ni, mo bá dìde jó. Ẹsẹ̀ mẹ́ta péré ni mo gbé tí mo fi padà jókòó. Orin yẹn ló yára jù.

Mo kí Sharon, mo bèèrè ọkọ rẹ̀. Ó ní òun ò ní. Mo gbàdúrà ọkọ fún un, ó ní ó dáa. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í ka àìsàn sí mi lórí bí ọ̀tá. Ṣé àyà ń dùn mí? Mo ní Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Ṣé mímí ń nira? Mo ní kò ní ṣẹlẹ̀ ní ilé mi. Ṣé ẹsẹ̀ ń wú? Mo ní ẹsẹ̀ ọ̀tá ni yóò wú. Ó ní láti orí òdo dé mẹ́wàá, ìrora mi jẹ́ mélòó? Mo ní òdo. Ta ló ń fi ẹnu ara rẹ̀ pe àìsàn wọlé?

Inú rẹ̀ dùn, ó ní bí ara mi ti le tó yìí, kí n wá lẹ́yìn oṣù mẹ́rin. Mo fi yangàn fún Tọ́láṣe pé ọba ni wọ́n ń fún ní àkókò gígùn bẹ́ẹ̀, kí wọ́n lè ráyè palẹ̀ mọ́ dè é. Ó ní Bàbá, ẹni tí kò ṣàìsàn ni wọ́n ń sún síwájú. Ọmọ yẹn ò mọ àwàdà.

Fi ogún dọ́là ránṣẹ́ fún gáàsì mọ́tò Tọ́láṣe, tàbí kí o gbé e wá fúnra rẹ. Mo ti bèèrè, freeway, ọ̀nà márosẹ̀ tí o ń gbà lọ síbi iṣẹ́, dé ọ̀dọ̀ mi náà. Ọlọ́run yóò jẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ ráyè tìẹ ju bí ìwọ ṣe ń ráyè tèmi lọ. Ṣe àmín, àdúrà gidi ni.

Babáwálé, kì í ṣe òdo. Méje ni. Àtẹ̀gùn ilé mi ò ju mẹ́jọ lọ, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ń dúró kí n tó gùn ún tán, màá ṣe bí ẹni ń wo mọ́tò tó ń kọjá. Bàtà tí Stella rà fún mi kò wọ̀ mí mọ́. Orí àga ni mo ń sùn. Bá mi pè wọ́n, kí o sọ ọ́ fún wọn. Èmi ò lè fi ẹnu mi sọ ọ́.

Bàbá rẹ,
Fọláránmi