Ilẹ̀kùn Ìrókò Ilé Wa ní Tudun Wada

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ fọkàn balẹ̀ níbi tí ẹ wà. Ilé yín ṣì wà ní ìdúró. Mo tètè sọ ọ́ kí ẹ má baà jáyà bí mo ṣe jáyà, torí lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo sunkún ilé yẹn bí ẹni pé a tún ń sin yín ni.

Mo gbéra láti Narayi, mo ní kí n lọ kí Malam Sani, aládùúgbò tí ẹ fi ilé náà sí lọ́wọ́ lọ́dún tí ìlú dàrú tí a kó kúrò ní Tudun Wada wá sí Narayi. Mi ò bá a nílé. Òun àti ìyàwó rẹ̀ ti lọ sí Zaria, ọmọ wọn bímọ. Ṣùgbọ́n kí n tó dé ojúlé ni mo ti rí i: ọ̀dà pupa gàdàgbà lára ògiri zaure, yàrá àbáwọlé tí ẹ ti máa ń gba àlejò. Ó wà lára àwọn ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa náà. Ta ni kò mọ ohun tí ọ̀dà pupa túmọ̀ sí ní Kaduna? Katapílà ìjọba ń bọ̀ wá wó o nìyẹn.

Bàbá, ṣé ẹ rántí bí àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ ṣe ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ ní ìpàdé, pé àwọn ẹlẹgbẹ́ yín ń kọ́lé sílé, ẹ̀yin ń ra ilé alámọ̀ nídàálẹ̀? Ẹ kàn máa ń rẹ́rìn-ín ni. Owó oṣù yín nílé iṣẹ́ ìhunṣọ lẹ fi rà á, láyé ìgbà tí fèrè ilé iṣẹ́ ń jí gbogbo àdúgbò. Ẹ fọwọ́ ara yín fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ògiri amọ̀ náà. Ẹ wá gbé ilẹ̀kùn ìrókò láti ilé lọ wọ ọkọ̀ ojú irin wá. Lẹ́nu ilẹ̀kùn yẹn, ẹ̀yin díákónì ìjọ Onítẹ̀bọmi, ẹ ó kànlẹ̀kùn ilé ara yín, ẹ ó ní “Salama alaikum” bíi ti àwọn ará àdúgbò, ẹ ò sì ní wọlé títí ẹnìkan á fi dáhùn. Inú Màmá máa ń dùn láti fi yín ṣẹ̀fẹ̀.

Nígbà tí ẹ ń lọ, ẹ ní n kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ilé náà bọ́. Kí ni ǹ bá wá sọ fún yín?

Ẹkún ò jẹ́ kí n bi ẹnikẹ́ni léèrè. Mo lọ mú káfíńtà wá láti Narayi, mo fi kọ́kọ́rọ́ mi ṣí ilẹ̀kùn, a tú u látòkè délẹ̀, a sì dì í mọ́ orí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Kẹ̀kẹ́ ń gbin, èmi náà ń gbin. Àwọn tó rí wa rò pé à ń gbé e lọ tún ṣe ni. Mo ní bí ilé bá lọ, ilẹ̀kùn Bàbá mi ò ní lọ.

Bàbá, àwọn onífíìmù ló kun ọ̀dà náà!

Malam Sani ló pè mí nígbà tó ti Zaria dé, ẹ̀rín ò jẹ́ kó sọ̀rọ̀ já gaara. Wọ́n ti gbàyè lọ́wọ́ Mai Unguwa, olórí àdúgbò, gbogbo àdúgbò ló mọ̀, àfi èmi ará Narayi. Eré àdúgbò tí wọ́n fẹ́ wó ni wọ́n ń ṣe. Inú wọn tilẹ̀ dùn nígbà tí wọ́n bá ilé láìní ilẹ̀kùn, wọ́n ní ó jọ pé onílé ti sá lọ. Wọ́n ti yà á sínú fíìmù.

Mo jókòó sílẹ̀, mo rẹ́rìn-ín títí ikùn fi ń dùn mí. Ara mi fúyẹ́. Mo wá rántí bí ẹ ṣe máa ń bá tẹlifíṣọ̀n jà: ìgbàkígbà tí wọ́n bá fi Tudun Wada hàn, àfi èéfín, gọ́tà àti àwọn ọmọ tó mú àdá dání. Níbo ni àwọn tó ń ra kosai, àkàrà àwọn Hausa, láàárọ̀ wà? Níbo ni àwọn bàbá tó ń jókòó ní zaure wà? Ẹ ó gbádùn èyí: Malam Sani kọ̀ kí wọ́n ya inú zaure yín láìsí ènìyàn níbẹ̀. Òun àtàwọn ọ̀rẹ́ yín tó kù ló jókòó lórí bẹ́ǹṣì yín, wọ́n ń mu tíì.

Lánàá, mo gbé ilẹ̀kùn padà. Wọ́n ti fi ọ̀dà funfun bo pupa náà. Nígbà tí a fi í sípò tán, Malam Sani dúró nínú, èmi wà níta, mo pa á dé, mo sì kàn án wò bóyá ó jókòó dáadáa. Mi ò mọ ìgbà tí “Salama alaikum” jáde lẹ́nu mi.

“Wa alaikumus salam. Baba, ẹ wọlé.”

Ó ṣèèṣì ni, ó ṣe bí ẹ̀yin lẹ kànlẹ̀kùn. Nígbà tó ṣílẹ̀kùn, omi ti kún ojú rẹ̀.

Mo wọlé, Bàbá.

Èmi ni, ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tó jí ilẹ̀kùn yín gbé, tó sì ti dá a padà.