Orúkọ Bàbá Hephzibah Lẹ́yìn Ìwé

Yàrá Ìkàwé Ìlú,
Ọ̀kà-Àkókó,
Ìpínlẹ̀ Oǹdó.
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù Karùn-ún, ọdún 2025.

Ẹ̀gbọ́n mi Bíọ́dún ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ṣé àlàáfíà lẹ wà ní Ìkàrẹ́? Ọkọ yín ńkọ́, ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́? Ara èmi le, àmọ́ ojú ń tì mí débi pé mo rí ìpè yín lórí fóònù, mi ò lè gbé e. Ẹ má bínú.

Ẹ̀yin lẹ bá mi bẹ Màmá Hephzibah tí wọ́n fi gbà láti kó ìwé olóògbé ọkọ wọn, Tíṣà Ezekiel Adédayọ̀, fún yàrá ìkàwé wa. Ẹ rántí pé ohun kan péré ni wọ́n béèrè, pé kí orúkọ bàbá máa hàn lẹ́yìn ìwé kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀gbọ́n mi, ohun kan yẹn gan-an ni mo bà jẹ́.

Èmi ni mo jókòó ti kọ̀ǹpútà tí a fi ń tọ́jú ìwé, tí mo ń yan fọ́ǹtì, ìrísí àti ìwọ̀n lẹ́tà, tí a óò fi tẹ lébẹ́ẹ̀lì tí a ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ìwé. Lébẹ́ẹ̀lì ọ̀hún ò ju páálí ìṣáná lọ. Ìgbéraga bá wọ̀ mí. Mo ní kí orúkọ yàrá ìkàwé wa tóbi, kó dúdú, kí àlejò lè rí i láti ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí àyè ò gba orúkọ méjèèjì mọ́, orúkọ bàbá ni mo ń dín kù, tí mo ń dín kù, títí ó fi wọlé. Mo rí i pé ó ti kéré jù o! Mo kàn ní ẹni tó bá lójú á rí i. Bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́ nìyẹn, tí mo sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ gbogbo ìwé.

Lọ́jọ́ Sátidé tí a gba àlejò tó wá wo àwọn ìwé náà, Màmá Hephzibah mú ìwé kan, wọ́n wọ awò, wọ́n yí i síwá yí i sẹ́yìn. Wọ́n ní, "Jesse, Bàbá Hephzibah dà?" Mo ní ó wà níbẹ̀, mà. Wọ́n ní kí n kà á fún àwọn. Mo gbé ìwé sójú, mo gbé e síbi iná, mi ò rí nǹkan kan kà! Ó kéré bí ẹsẹ̀ èèrà, tàdáwà sì ti dàlú. Mo ń yí ìwé kiri, mi ò tiẹ̀ rántí pé mo lè pe orúkọ tí mo mọ̀ bí ẹni mowó.

Ẹ ṣáà mọ̀ pé láti ọjọ́ tí Màmá ti wọlé ọkọ, wọn ò fẹnu ara wọn pe orúkọ ọkọ wọn rí. Bàbá Hephzibah ni, títí ilẹ̀ fi bo bàbá. Lójú gbogbo èèyàn, wọ́n gba ìwé lọ́wọ́ mi, wọ́n ní, "Ezekiel Adédayọ̀ ni." Wọ́n tún un pè. Wọ́n bá jókòó. Háà! Ká ní ilẹ̀ lanu ni, ǹ bá wọ inú rẹ̀ lọ. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Ẹ̀yin náà lẹ máa ń sọ ọ́ fún mi, etí mi ló di.

Mo ti ṣí gbogbo lébẹ́ẹ̀lì yẹn kúrò. Nínú lébẹ́ẹ̀lì tuntun, orúkọ bàbá ló wà lókè báyìí, gàdàgbà. Tiwa wà nísàlẹ̀ níbi tó yẹ ẹ́. Ọ̀kan péré ni mo tíì tẹ̀, mo sì ń mú un bọ̀ ní Ìkàrẹ́ lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sìn mí dé ọ̀dọ̀ Màmá Hephzibah, mi ò lè dá lọ.

Ẹ bá mi kí ọkọ yín àti Caleb ọmọ yín. Ẹ má tíì sọ fún Màmá wa o, mo bẹ̀ yín.

Tí a bá dé ọ̀hún, mi ò ní kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Màá kàn fi lébẹ́ẹ̀lì náà lé Màmá Hephzibah lọ́wọ́. Tí wọ́n bá lè fojú ara wọn kà á, tí kò sí ẹni tó ní láti pe orúkọ yẹn fún wọn, ìgbà yẹn ni màá tó dọ̀bálẹ̀ bẹ̀ wọ́n.

Èmi ni àbúrò yín tí ojú ń tì,
Jesse.