Mìsítúrà Méjì Nínú Kọ̀ǹpútà Ọsibítù

                                        Flat 9, Caulder House,
                                        Ẹ̀yìn Rye Lane,
                                        Peckham, London.
                                        Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kọkànlá, 2024.

Nasir, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, ọmọ bàbá mi àgbà,

Àsàlámù àléékúmù. Ṣé kò sí o? Àmínát ìyàwó wa ńkọ́, ṣé ọmọ tuntun yẹn ti ń jẹ́ kó rí oorun sùn? Ọmọ náà ńkọ́? Mo rí fọ́tò ẹ̀, imú ẹ ló gbé wá sáyé, Ọlọ́run á bá wa tún un ṣe. Ẹ̀yìn tó ń dùn ọ́ níjọ́sí ńkọ́? Gbogbo ará Ìsẹ́yìn ńkọ́? Ẹ kú ooru, ẹ kú àìríná. Èmi ní tèmi, mo wà bí ọba. Láti Rye Lane dé Surrey Quays, kò sẹ́ni tó ń gun ọ̀kadà delivery bíi tèmi. Àwọn tó kàwé títí ojú wọn fi gba awò ló ń pè mí kí n wá gbé oúnjẹ fún wọn. Èmi tí mo sá kúrò ní school lọ́mọ ọdún mẹ́rìndínlógún, bàtà mi ló ń dán jù ní Peckham. Bi wọ́n léèrè.

Kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ: ìyá ẹ wà láàyè, wọ́n ti jẹun, wọ́n ń sùn nínú yàrá. Mo fi ìyẹn ṣáájú kí àyà ẹ má baà já. Àwọn fúnra wọn ló ní n ò gbọdọ̀ sọ ọ́ lórí fóònù, pé wàá ti máa pariwo kí n tó dé ìdí ọ̀rọ̀. Ló jẹ́ kí n mú bírò. Alhaji Dáúdà tó ń bọ̀ nílé ní Sátidé ló máa fi lé ẹ lọ́wọ́. Wá ibi jókòó sí.

O mọ̀ nípa òkúta tó wà nínú òróǹro Màmá, tó ń fi inú rírun dà wọ́n láàmú. Ọsibítù kọ lẹ́tà sílé pé kí wọ́n wá ṣe iṣẹ́ abẹ. Èmi ni mo mú wọn lọ. Bá a ṣe dé iwájú gíláàsì, bọ̀dá tó jókòó síbẹ̀ ní, "Mìsítúrà Arówólò?" Mo ní yes. Ó ní, "January one?" Mo ní yes. Ó ka address ilé wa, mo ní, "Yes, boss, òun náà nìyẹn." Màmá ò yanu rárá, gbogbo ẹ̀ ni mo dáhùn. Wọ́n so bándì olórúkọ mọ́ wọn lọ́wọ́, ó parí. Inú mi dùn pé mo parí iṣẹ́ náà kíá.

A wọ ward. Nọ́ọ̀sì tó wá bá wa ń jẹ́ Magdalene, ọmọ ìjọ aláṣọ funfun ni, ibí ni wọ́n bí i sí. Yorùbá ẹ̀ ní kókó bí iyán tí wọn ò gún dénú, ṣùgbọ́n ojú ẹ̀, bruv, ojú ẹ̀ dáa. Ó ń fi Yorùbá bi Màmá léèrè.

"Mummy, àyà yín ńkọ́?"

"Alihamudulilahi."

"Ẹ̀jẹ̀ ríru ńkọ́?"

"A dúpẹ́, ọmọ mi. Ìyá tìẹ náà ńkọ́?"

"Wọ́n wà. Ṣé oògùn kankan wà tí ara yín kì í gbà?"

"Kò séwu, ara le."

O ṣáà mọ ìyá ẹ. Nílé wa, tẹ́nì kan bá bi ẹ́ nípa ara ẹ, ó ń kí ẹ ni. A kì í to àìsàn sílẹ̀ fún ẹni tó wà lórí ìdúró. Èmi náà ò fọkàn sí i, Magdalene ni mò ń wò.

Ó wá gbé dírípù kọ́. Ó ní oògùn tí kì í jẹ́ kí ojú abẹ kẹ̀ ni. Ó bojú wo kọ̀ǹpútà, ó ní, "Ó wà níbí pé ẹ ti ṣe iṣẹ́ abẹ rí, Mummy, wọ́n yọ apẹ́ńdíìsì yín."

Màmá ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ ṣeun, Ọlọ́run á san yín lẹ́san."

Orí mi ló kọ́kọ́ gbé sókè. Apẹ́ńdíìsì wo? Ìyá Rahmah, ìyàwó bàbá wa kékeré, ni wọ́n yọ ọ́ fún! Èmi ni mo gbé pẹpẹsúùpù lọ fún wọn nígbà yẹn. Mo ké, "Sister, ẹ dáwọ́ dúró!" Gbogbo ward yíjú sí mi.

Màmá ní, "Làtíìfù, má bá wọn jà, iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe."

"Màmá, ṣé wọ́n la inú yín rí?"

"Rárá o! Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ní bẹ́ẹ̀ ni?"

"Ọmọ náà ń fi ohùn jẹ́jẹ́ bá mi sọ̀rọ̀. Kí n wá máa bá a jiyàn lójú èrò?"

Mo bi Magdalene pé oògùn wo ló wà nínú dírípù yẹn. Ó ní ọmọ ìyá pẹnisílìn ni. Nasir, o rántí abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún wọn ní Ìsẹ́yìn, tí ojú wọn wú títí ó fi dì, tí bàbá wa àgbà sáré jáde láìwọ bàtà. Mo sọ ọ́ fún un. Ojú ẹ̀ yí padà. Kò bá mi jiyàn. Oògùn náà ò tíì kán sí wọn lára, ó tú u kúrò, ó lọ pe ọ̀gá ẹ̀, wọ́n jọ dojú kọ kọ̀ǹpútà.

Mìsítúrà méjì ló wà níbẹ̀! Nílé, a gbé Mìsítúrà méjì níyàwó sí agboolé kan, ewúrẹ́ kankan ò sọnù, torí ta ló ń pè wọ́n lórúkọ? Ìyá Nasir rèé, Ìyá Rahmah rèé, ó tán. Kọ̀ǹpútà ò mọ ìyá ta ni. Arówólò ni àwọn méjèèjì. Ẹni tó bá wọn ṣe pásípọ́ọ̀tù fún àwọn méjèèjì ní January one, torí kò sẹ́ni tó kọ ọjọ́ ìbí wọn sílẹ̀. Yàrá kékeré wa sì ni Ìyá Rahmah kọ́kọ́ gbé kí wọ́n tó kó lọ sí Brockley, wọn ò sọ fún dókítà pé àwọn ti kó. Fáìlì méjèèjì wá jọra bí ìbejì. Nọ́ńbà NHS tí ọsibítù ìjọba fún kálukú nìkan ló yàtọ̀, kò sì sẹ́ni tó mọ tiẹ̀ nínú wọn. Bọ̀dá yẹn kàn mú èyí tó wà lókè. Ọ̀rọ̀ pẹnisílìn ìyá ẹ ń sùn nínú èyí tó wà nísàlẹ̀.

Magdalene bi mí pé báwo ni wọ́n ṣe bi wá lẹ́nu ọ̀nà. Mo rò ó fún un. Ó mi orí, ó ní kì í ṣe "ṣé ìwọ ni lágbájá" ló yẹ kí wọ́n bi èèyàn, "kí lorúkọ yín" ni, kí aláìsàn fi ẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́.

Ẹnu mi ò gbélé. Mo ní, "Ah, èmi mọ ìyẹn tipẹ́! Tó o bá gbé oúnjẹ dé ẹnu ọ̀nà, tó o ní 'Ṣé ìwọ ni Asher?', ẹni tí ebi ń pa á ní yes ni. Orúkọ ni mo máa ń ní kí wọ́n dá fún mi. Wọn ò jí oúnjẹ mi rí!"

Màmá rọra yíjú sí mi.

"Làtíìfù. Adìẹ díndín wá níyì lọ́wọ́ ẹ jù mí lọ?"

Magdalene rẹ́rìn-ín títí ó fi di bẹ́ẹ̀dì mú.

Wọ́n pe Ìyá Rahmah lórí fóònù, àwọn náà bá figbe ta: "Ẹ̀yin lẹ fi text ránṣẹ́ sí mi láàárọ̀ yìí pé mo ti dé fún iṣẹ́ abẹ? Mo rò pé gbájúẹ̀ ni, mo ti pa á rẹ́!" Wọ́n bá wọn tún address ṣe, wọ́n fi ìkìlọ̀ pupa sí fáìlì méjèèjì pé ẹlòmíì wà tó jọ ọ́. Wọ́n gé bándì ọwọ́ Màmá. Kí wọ́n tó so tuntun, Magdalene ní kí n panu mọ́, ó wá bi wọ́n lórúkọ.

"Ìyá Nasir."

"Orúkọ yín gan-an, Mummy."

Ojú ń ti ìyá ẹ bí ìyàwó tuntun. Wọ́n ní láti ìgbà tí bàbá àwọn ti kú, àwọn ò fẹnu ara àwọn pè é mọ́. Wọ́n wá nà róró, wọ́n ní, "Èmi ni Mìsítúrà Àbẹ̀ní, ọmọ Sàláwù. Pẹnisílìn fẹ́ pa mí lẹ́ẹ̀kan." Omi bọ́ lójú wọn. Ti Magdalene náà bọ́.

Oògùn míì ni wọ́n fún wọn. Bí wọ́n ṣe ń tì wọ́n lọ, wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n ní, "Tí mo bá pẹ́ níbẹ̀, lọ jẹun." Mo jókòó sí kọ́rídọ̀, mo sunkún bí ọmọdé. Tó o bá sọ fún ẹnì kan, màá ní irọ́ lò ń pa.

Iṣẹ́ abẹ náà yọrí sí rere. Láti ìgbà tí wọ́n sì ti jí, kò sẹ́ni tó dé ìdí bẹ́ẹ̀dì tí wọn ò dárúkọ fún, títí kan obìnrin tó ń gbé tíì kiri.

Ìyá Rahmah kí ẹ láti Brockley. Bá mi kí Àmínát, bá mi gbé ọmọ náà jó. Màmá ní kó o má fọkàn sókè, ara àwọn ti yá. Wo ohun tí mo fẹ́ kó o ṣe fún mi: tó o bá pè wọ́n, tí wọ́n ní "a dúpẹ́", má gbà. Dúró díẹ̀, kó o wá bi wọ́n lẹ́ẹ̀kejì: "Màmá, ara yín gan-an ńkọ́?"

Èmi ni tìẹ, lójò lẹ́ẹ̀rùn,
Làtíìfù Arówólò,
ọba ọ̀kadà Peckham.